Ta Lo Mọ̀ Níbẹ̀?

Láti Èjìgbò níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Abidjan, mo mọ̀ pé alẹ́ ni ẹ máa ń ráyè gbọ́ wa, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ti ìsọ̀. Ẹ kú ọjà, ẹ kú àárẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, orí ìbéèrè kan ló ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìbéèrè náà. Tó o bá sọ nílé pé, "Mo ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba lọ́la, mo fẹ́ lọ gba ìwé kan," kí wọ́n tó bi ọ́ pé ìwé wo ni, kí wọ́n tó bi ọ́ pé ṣé o ti kó ohun tí wọ́n máa béèrè dání, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé: "Ta lo mọ̀ níbẹ̀?"

Tó o bá ní o mọ ẹnìkan, ọkàn gbogbo ilé á balẹ̀. Tó o bá ní o ò mọ ẹnikẹ́ni, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú: "Ǹjẹ́ ọmọ Lágbájá kò sí níbẹ̀ mọ́? Àna Tàmẹ̀dù ńkọ́?" Kò sẹ́ni tó máa ń rò ó pé ó yẹ kéèyàn lè lọ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ láìmọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Èmi fúnra mi ló ṣẹlẹ̀ sí, kò sì buyì kún mi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo nílò ìwé kan. N kò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà, n kò sì ní sọ ìlú tó wà, torí ẹjọ́ ọ́fíìsì kan ṣoṣo kọ́ ni mo wá rò. Mo débẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀. Àwọn èèyàn ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìyá kan ni mo jókòó sí. Ó kó ìwé rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun.

A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló kú. Ó ní owó kan wà tó yẹ kí òun gbà lórí iṣẹ́ tí olóògbé ṣe. Ìgbà kẹrin tó máa wá nìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní ọ̀gá kò sí níjòókòó. Nígbà kejì, ọ̀gá wà, wọ́n ní àwọn kò rí fáìlì. Nígbà kẹta, ọ̀gá wà, fáìlì wà, wọ́n wá ní kí ó ṣe bí àgbà. Ó mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ju owó ọkọ̀ tó máa gbé e padà sílé lọ.

Èmi ní tèmi mọ ẹnìkan. A jọ lọ sí ilé ìwé girama ni. Mo pè é lórí fóònù. Kò pẹ́ tó fi jáde, ó dì mọ́ mi, ó sì mú mi gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Ká tó ka ogún ìṣẹ́jú, wọ́n ti buwọ́ lù ú, wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí i. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní kí n fún un ní nǹkan tó máa fi mu omi tútù, ó ní, "Ṣé orí ẹ pé báyìí?" A rẹ́rìn-ín, ó sin mí jáde.

Ìyá yẹn ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo ojú mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

N kò mọ ohun tí mo máa sọ. Mo ní, "Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mà. Ẹ ní sùúrù." Mo sì bá tèmi lọ.

Irọ́ ni mo pa. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Orí mi ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ọjọ́ yẹn tó dé, mo máa ń ka ara mi mọ́ àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́. Mo máa ń bú àwọn tó ń gba rìbá, mo máa ń bú àwọn tó ń fúnni. Lọ́jọ́ yẹn náà, n kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Èmi ni mo gba ipò rẹ̀. Owó kọ́ ni mo fi rà á, ojúlùmọ̀ ni mo fi rà á.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé lórí bó ṣe yẹ kí iṣẹ́ ọ́fíìsì rí. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọkùnrin ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Max Weber. Wọ́n bí i ní ọdún 1864, ó kú ní 1920. Ìwé ńlá rẹ̀ tó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé nípa ìṣàkóso ìjọba ní yunifásítì, ẹ ti kọ orúkọ rẹ̀ nínú ìdánwò rí, bóyá ẹ tiẹ̀ ti gbàgbé ohun tó sọ.

Ohun tó sọ kò le. Ó ní ọ́fíìsì ìjọba tó dá múṣémúṣé ní àwọn àmì kan. Àkọ́kọ́, òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe bó bá ṣe wu ọ̀gá. Ìkejì, olúkúlùkù ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó sì ní ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ìkẹta, inú ìwé ni gbogbo nǹkan ń wà, fáìlì ni ọpọlọ ọ́fíìsì. Ìkẹrin, ẹ̀kọ́ àti ìmọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n fi ń gba èèyàn síṣẹ́. Ìkarùn-ún, òṣìṣẹ́ kò ni àga tó jókòó lé, kò ni òǹtẹ̀ tó ń lù. Owó ọ́fíìsì yàtọ̀ sí owó àpò rẹ̀. Ìkẹfà, owó oṣù gidi ni wọ́n ń san fún un, wọ́n á sì fún un ní owó ìfẹ̀yìntì, kó má baà máa wo ọwọ́ àwọn tó wá bá a. Paríparì rẹ̀, kò gbọdọ̀ wo ojú ẹnikẹ́ni ṣe iṣẹ́, ì báà ṣe ọ̀rẹ́ ì báà ṣe ọ̀tá.

Tí a bá gbé gbogbo rẹ̀ sínú gbólóhùn kan, ohun tí Weber ń sọ ni pé ọ́fíìsì tó dáa ni ọ́fíìsì tí èèyàn kò ní láti mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ni pé, "Kí lẹ fẹ́, ìwé yín dà?" Tiwa ni pé, "Ta lo mọ̀?" Àárín ìbéèrè méjèèjì yìí ni ìwà ìbàjẹ́ ń gbé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ pé Weber rí irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé àwòrán inú ọkàn ni, òṣùwọ̀n ni. Kò síbi tó ti pé pérépéré. A kàn ń gbé e kalẹ̀ ká lè fi wọn ohun tó wà lọ́wọ́ wa, bí télọ̀ ṣe ń fi okùn wọn aṣọ. Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọn tiwa.

Ní ọdún 2024, àjọ tó ń ṣírò nǹkan fún ìjọba àpapọ̀, NBS, àti àjọ UNODC ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Ìgbà kẹta tí wọ́n máa ṣe irú rẹ̀ nìyẹn. Nínú ti àkọ́kọ́, tí wọ́n gbé jáde ní 2017, nínú gbogbo àgbàlagbà tó bá òṣìṣẹ́ ìjọba da nǹkan pọ̀ láàárín ọdún kan, àwọn tó fún wọn ní rìbá tàbí tí wọ́n béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn lé ní 32 nínú 100. Nínú ti ìgbà kẹta, ó ti wá sílẹ̀ sí 27. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Iye owó tí wọ́n fojú bù pé àwọn èèyàn san fún rìbá lọ́dún 2023 jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 721 náírà. Ìgbà tí wọ́n san án sì tó mílíọ̀nù 87.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ìwádìí yẹn tó wú mi lórí. Nínú àwọn tí wọ́n béèrè rìbá lọ́wọ́ wọn, 70 nínú 100 ló kọ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń sọ pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló fẹ́ràn rìbá kò ka ibẹ̀ yẹn.

Ẹ tún wò ó, rìbá nìkan ni iye yẹn kà. Ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé bíi tèmi, tí kò san kọ́bọ̀, kò sí nínú mílíọ̀nù 87 yẹn.

Báwo la ṣe débí? Àwọn kan á ní àṣà wa ni. Wọ́n á ní láyé àtijọ́, a kì í lọ sí ààfin lọ́wọ́ òfìfo. Òótọ́ ni, a máa ń mú obì dání. Ṣùgbọ́n gbangba ni a ti ń gbé obì kalẹ̀, níwájú ìjòyè, níwájú ẹni tí a jọ ń ṣẹjọ́ pàápàá. Obì kì í wọ àpò. Ẹ gbọ́ orúkọ tí Yorùbá sọ tibi: àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ohun tí a fi bẹ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀, kí ẹnì kejì tó dé. Àwọn tó sọ nǹkan náà ní orúkọ yìí mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ẹ̀bùn.

Oníbodè náà wà láyé ọjọ́un. Ó ń gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, apá kan á lọ sí ààfin, òun náà á jẹ nínú rẹ̀. Weber mọ irú ìjọba bẹ́ẹ̀, ó ní ìlànà tí ọ́fíìsì jẹ́ oúnjẹ ẹni tó wà níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pe oníbodè ní olè, torí àdéhùn bí yóò ṣe jẹun nìyẹn, gbogbo ayé ló sì mọ̀. Tiwa lónìí ló lọ́jú pọ̀: ìwé òfin wa, ti Weber ni, ikùn wa, ti oníbodè ni. A kọ ọ̀kan sára pátákó, a ń fi èkejì ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ nǹkan mẹ́ta tó fà á, ẹ sì máa fi òṣùwọ̀n Weber wò ó.

Àkọ́kọ́ ni owó oṣù. Weber ní kí owó oṣù òṣìṣẹ́ dúró ṣinṣin. Ẹ̀yin ará Ọ̀ṣun, ẹ rántí 2015. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà fún oṣù mélòó kan láìgba owó. Nígbà tí owó máa wá dé, ẹni tó wà ní ìpele 7 sísàlẹ̀ ń gba tirẹ̀ pé, ẹni tó wà ní ìpele 8 sí 10 ń gba 75 nínú 100, ẹni tó wà ní ìpele 12 sókè ń gba ìdajì. Títí wọ 2018 ni. Mo mọ olùkọ́ tó ń gun ọ̀kadà lálẹ́ nígbà yẹn. N kò sọ pé ìyẹn sọ olè jíjà di ẹ̀tọ́ o. Ọ̀pọ̀ ló jìyà tí kò fọwọ́ kan nǹkan oní nǹkan. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí ìjọba bá gé owó ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ júwe ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn fún un.

Ìkejì ni ìfọ̀kànbalẹ̀ lórí iṣẹ́. Àwọn bàbá wa kò gbàgbé 1975. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ni owó Údójì dé, tí wọ́n fi kún owó oṣù, tí ìlú ń yọ̀. Nígbà tó di oṣù Keje, Murtala Muhammed gba ìjọba. Láàárín oṣù díẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 ni wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹlòmíràn gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lórí rédíò ni. Wọ́n ní àwọn ń fọ ilé mọ́, lóòótọ́ sì ni ìdọ̀tí wà nínú ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí àwọn tó ṣẹ́kù kọ́ ni pé òtítọ́ kì í dáàbò bo èèyàn, pé ọ̀la kò dájú, kí olúkúlùkù yáa tọ́jú ara rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìkẹta ni pé a kò mọ ẹni tó ni ọ́fíìsì náà. Mo ní in lọ́kàn ní ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kan hàn sójú gbogbo ayé: ní oṣù Kejì ọdún 2025, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀ṣun lórí àwọn tó yẹ kó wà lórí àga ìjọba ìbílẹ̀. Apá kan ní àwọn ni, apá kejì ní àwọn ni. Ẹ̀mí ṣòfò. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní kí ọmọ ẹgbẹ́ wọn jókòó sílé. N kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni lórí ètò yìí. Ohun tí mo fẹ́ ká wò ni ẹni tó ń bọ̀ láti Màsífà tàbí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, tó fẹ́ gba ìwé kan ṣoṣo. Weber ní kí ọ̀gá kan wà lókè, kí èèyàn mọ ẹni tó máa fẹjọ́ sùn. Tí ọ̀gá bá di méjì, tàbí tí kò sí rárá, ta ni onítọ̀hún máa lọ bá?

Ọ̀nà kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Ekeh, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1975 tí wọ́n ṣì ń kà káàkiri àgbáyé. Ó ní àwa ará Áfíríkà ń gbé inú àwùjọ méjì pọ̀. Ọ̀kan ni ti ìlú wa, ẹbí wa, ẹgbẹ́ wa. Níbẹ̀, ojú ń tì wá láti jalè. Èkejì ni ti ìjọba, tí òyìnbó gbé kalẹ̀. Níbẹ̀, ohun tí a bá rí là ń bù, torí a kò kà á sí tiwa. Ẹnì kan náà ló ń rìn nínú méjèèjì. Kí òyìnbó má baà gbọ́, Yorùbá ti sọ tirẹ̀ tipẹ́: iṣẹ́ ìjọba, a kì í ṣe é láàgùn.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni Ekeh sọ, ẹ wo Èjìgbò wa yìí. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn èèyàn wa ti ń lọ sí Côte d'Ivoire. Ilé wà ní ìlú yìí tí Faransé ti ń dún bíi Yorùbá. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ní ẹgbẹ́, wọ́n ń dáwó fún iṣẹ́ ìlú. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe owó náà? Akọ̀wé wà, akápò wà. Wọ́n á kọ orúkọ, wọ́n á kọ iye, wọ́n á kà á sétí gbogbo ìpàdé. Ẹni tí kò bá dá tirẹ̀, wọ́n á kà á. Akápò tó bá fọwọ́ kan owó ìlú, ìtìjú rẹ̀ á dé Èjìgbò kí òun tó dé.

Ẹ wo alájọ náà. Ó lè jẹ́ ẹni tí kò kàwé rárá. Ó fún ọ ní káàdì, gbogbo ọjọ́ tó o bá dáwó, ó fa ìlà sí i. Ní ìparí oṣù, owó ọjọ́ kan ni tirẹ̀, ìyókù jẹ́ tìrẹ. Ìwé wà, iye owó iṣẹ́ rẹ̀ hàn kedere, ìwọ ní káàdì tìrẹ lọ́wọ́, òun ní ìwé tirẹ̀. Kí ni Weber béèrè tó ju ìyẹn lọ? A kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ wa ní àkọsílẹ̀. A mọ̀ ọ́n. A kàn kọ̀ láti gbé e wọ ilé ìjọba ni.

Ẹ wá gbé ọkọ̀ láti Èjìgbò níbí kan náà, ẹ forí lé Abidjan. Ibodè mẹ́rin ni: Sèmè, Hillacondji, Aflao, Elubo. Ní oṣù Karùn-ún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Dakar pé ọmọ ẹkùn yìí tó ní ìwé ìrìnnà tó pé lè wọ orílẹ̀-èdè kejì láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Bí ìwé ṣe sọ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń rin ọ̀nà yẹn, ẹ sọ fún mi: kí ọkọ̀ tó gbéra, ṣé awakọ̀ kì í kó owó ibodè jọ? Ẹni tó ní ìwé ń san, ẹni tí kò ní ìwé ń san. Èrò inú ọkọ̀ kan náà ni yóò dé Abidjan tí yóò jókòó sí ìpàdé ẹgbẹ́, tí wọ́n á ṣe ìṣírò owó ìlú láìku náírà kan. Èèyàn kò yí padà lójú ọ̀nà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé lójú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò mọ iye tó yẹ kó san, ẹnikẹ́ni kò gba ìwé ẹ̀rí owó, ẹnikẹ́ni kò sì ní í ka orúkọ ẹni tó gbà á ní ìpàdé.

Ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Ìwàásù wà ní ìlú yìí tó, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláṣí. Òfin náà wà. ICPC wà láti ọdún 2000, òfin tó gbé e kalẹ̀ sì mú ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà. SERVICOM wà láti 2004, láti máa gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú nípa iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ohun tí kò sí ni ohun tí alájọ ní: kí iye hàn, kí àkókò hàn, kí ìwé wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ohun tí wọn kò bá kọ sára ògiri ni wọ́n máa ń tà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, kí la lè ṣe? Mo kọ ohun mélòó kan sílẹ̀ tí èmi náà ti ń gbìyànjú láti ọjọ́ ìyá yẹn.

Béèrè iye owó, kí o sì béèrè ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè, má jà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni mo ti lè rí iye rẹ̀ kà?" Ìbéèrè yẹn nìkan máa ń dín owó kù. Nǹkan kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí a kò mọ̀: àkọsílẹ̀ ìbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ́dọ̀ àjọ NPC jẹ́ ọ̀fẹ́.

Tó o bá sanwó, gba rìsíìtì ìjọba. Ẹni tó bá ní kò sí rìsíìtì ti sọ fún ọ pé owó yẹn kò lọ sọ́dọ̀ ìjọba.

Kọ ohun tó o fẹ́ sínú lẹ́tà, ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sórí ẹ̀dà tìrẹ. Fáìlì lè sọnù. Ẹ̀dà tó wà nínú àpótí rẹ kò ní sọnù. Tí kò bá sí èsì, òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún ọ láṣẹ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ méje ni òfin sì fún wọn. Ní oṣù Kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé òfin yẹn de àwọn ìpínlẹ̀ náà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ẹ̀yin lẹ lágbára jù. Ẹnì kan tó ń béèrè pátákó iye owó, wọ́n á ní ó ń yọnu. Tí ẹgbẹ́ ìlú bá kọ lẹ́tà pé kí gbogbo ọ́fíìsì tó wà ní agbègbè wa lẹ iye owó àti iye ọjọ́ mọ́ ògiri, ta ló máa sọ pé rárá ní gbangba?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ ń gbọ́ mi, mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú yín tó ń fi owó ara wọn ra bébà àti yíǹkì kí iṣẹ́ má baà dúró. Mo kí yín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni àwọn ẹbí ń pè yín: "Ọmọ wa kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, jọ̀ọ́ bá a ṣe é kíá." Àwa la ń sọ yín di oníbodè, ká tó padà wá bú yín.

Èyí tó kẹ́yìn, èmi ló kàn. Tí mo bá mọ ẹnìkan níbẹ̀, orí ìlà ni kí n wà. Tó bá sì di dandan kí n lo ojúlùmọ̀ mi, kí n lò ó fún ẹni tó wà níwájú mi lórí bẹ́ǹṣì.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Mo padà sí ọ́fíìsì yẹn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, pé bóyá mo máa rí ìyá yẹn. N kò béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà n kò mọ bí mo ṣe máa bi wọ́n léèrè rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó gba owó ọkọ rẹ̀. Mo bi ọ̀rẹ́ mi. Ó ní, "Ìyá wo? Àwọn ìyá tó ń wá síbí pọ̀." Kò fi ìkà sọ ọ́. Òótọ́ ló sọ, wọ́n pọ̀.

Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, ẹ sọ ti ọ́fíìsì tí ẹ ti wọlé láìmọ ẹnikẹ́ni, tí wọ́n sì ṣe tiyín fún yín lákòókò. Àwọn náà wà, mo fẹ́ ká gbọ́ nípa wọn. Lọ́la, tí ọmọ ilé yín bá ní òun ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, ẹ gbìyànjú kí ẹ bi í pé, "Ṣé ìwé rẹ pé?" Ẹ fi "Ta lo mọ̀ níbẹ̀?" sílẹ̀.

Ó dàbọ̀ o. Ọlọ́run á jẹ́ ká tún ríra.